Ibi Dúdú Inú Fọ́tò

Ọmọ àbúrò mi gbé fóònù sókè lábẹ́ igi ńlá kan létí odò Ọ̀ṣun, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí ojú rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere!” Lóòótọ́ ló mọ́. Gbòǹgbò igi mọ́, ewé òkè mọ́, ojú omi mọ́. Abẹ́ igbó tó wà ní òdìkejì odò, níbi tí ojú èmi fúnra mi kò ti rí ju dúdú lọ, òun náà mọ́lẹ̀ yòò.

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn tó ń ṣe fóònù ti sọ èyí di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání. Ẹ̀ẹ̀kan lo fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n fọ́tò mélòó kan ló yà tẹ̀léra kí o tó ṣẹ́jú. Á mú ibi tó mọ́ níwọ̀n lára ọ̀kan, á mú ibi dúdú tó hàn lára òmíràn, á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Mo yin ọmọ náà, torí ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo igbó tí a wà nínú rẹ̀, tí mo tún ń wo èyí tó wà lójú fóònù, mo rí i pé wọn kì í ṣe igbó kan náà. Igbó Ọ̀ṣun ní òkùnkùn tirẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀ sókè bó bá ti wọlé dé abẹ́ igi. Nínú fọ́tò yẹn, òkùnkùn náà ti lọ tán, ibẹ̀ sì wá jọ ọgbà òdòdó iwájú báǹkì.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ń padà sí ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, nígbà tí ibi dúdú inú fọ́tò jẹ́ ohun tí onífọ́tò ń ṣírò kó tó tẹ kámẹ́rà rárá.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà lójú ọ̀nà Stéṣàn ní Òṣogbo. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni mo débẹ̀. Ohun tó ń mówó wọlé ni fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, àti fírídọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́. Àwọn oníbàárà wa kò fẹ́ òjìji lójú rárá. Bí ẹ̀gbẹ́ imú obìnrin kan bá ṣú díẹ̀, yóò dá fọ́tò náà padà: “Onífọ́tò, ẹ ti bà mí lójú jẹ́. Ẹ wo bí ẹ ṣe sọ mí di dúdú.” Ọ̀gá kì í bá wọn jiyàn. Iná méjì ló máa ń tàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ojú lè mọ́ dọ́gba. Bí òjìji bá ṣì kù, yóò gbé nẹ́gẹ́tíìfù síwájú fèrèsé, yóò gbẹ́ pẹ́ńsù títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mú ṣóńṣó, yóò sì máa fi kun ibi tó yẹ díẹ̀díẹ̀ títí òjìji náà yóò fi fúyẹ́. Ẹni tó sanwó ló ni ojú rẹ̀, bí ó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Igbó kì í sanwó ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí òde, ọ̀gá á fi Yashica-Mat kọ́rùn, èmi á gbé sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta léjìká, a ó sì forí lé igbó Ọ̀ṣun, tàbí kí a wọkọ̀ lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, tàbí sí òkè Ìdànrè bí owó ọkọ̀ bá wà. Ìyá wa, aya ọ̀gá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á ní, “Bàbá wọn, ta ni yóò ra fọ́tò igi?” Kò sẹ́ni tó ń rà á lóòótọ́, àfi ilé ìtẹ̀wé kan tó gba díẹ̀ fún kàlẹ́ńdà. Ọ̀gá kì í dáhùn. Á rọra di àpò rẹ̀, á ní kí n má gbàgbé gíláàsì aláwọ̀.

Oṣù Kẹjọ ló fẹ́ràn jù. Òjò á ti dáwọ́ dúró díẹ̀, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, oòrùn á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ rò pé ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni ọjọ́ fọ́tò. Ní ti igbó, irọ́ ni. Bí oòrùn bá ràn, ìmọ́lẹ̀ á máa já wọlé láàárín ewé ní ègé-ègé, á ta sára igi àti ilẹ̀ ní funfun báláú, ohun tó kù á wà nínú òkùnkùn biribiri. Fíìmù kò lè gba méjèèjì. Ọjọ́ ìkùukùu ni ìmọ́lẹ̀ ń rọra wọ abẹ́ igi láti ibi gbogbo, tí dúdú á wá ní oríṣiríṣi: dúdú gbòǹgbò tí òjò rin, dúdú èèpo ìrókò, dúdú abẹ́ ewé, dúdú omi tó dúró jẹ́ẹ́.

A ó ti débẹ̀ kí agogo méje àárọ̀ tó lù. Òórùn ewé jíjẹrà, ariwo ọ̀bọ lókè, ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà. Ọ̀gá kò ní tíì yọ kámẹ́rà. Á lóṣòó, á di ojú kan, á máa fi èkejì wò. Ó ní ojú méjì ń mọ ohun tó jìn yàtọ̀ sí ohun tó wà nítòsí, pépà kò sì ní ibi jíjìn kankan nínú; ojú kan ló jọ pépà. Lẹ́yìn náà á pa ojú tó kù yẹn dé díẹ̀, títí ewé àti èèpo igi yóò fi pòórá, tí yóò ku kìkì ibi dúdú àti ibi tó mọ́. Á wá bi mí pé, “Ibi dúdú mélòó lo rí?”

Mo gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó dìde. Mẹ́ta ni, Ọ̀gá: ìtì igi, bèbè odò, àti ewé tó ṣíji bò wá.

“Èwo ló ń fara kan èwo?”

Ìtì igi àti bèbè ni, Ọ̀gá.

“Wá bí wàá ṣe là wọ́n.”

Bí dúdú méjì bá lẹ̀ mọ́ra nínú fọ́tò, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí igi parí sí àti ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré sí òsì, omi tó mọ́ á yọjú láàárín wọn, ìtì igi á dá dúró gedegbe. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ti ń to fọ́tò, inú ìbéèrè méjì yẹn ló ti wá. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn náà, èyí tó sọ pé kí a pín fọ́tò sí ìdá mẹ́ta, èyí tó sọ pé kí a fi ìlà darí ojú. Wọn kò burú. Ṣùgbọ́n nínú igbó tiwa, níbi tí igi ti pọ̀ tí kò sí ìlà kan tó tọ́, ìbéèrè ọ̀gá ló ń gbà mí.

Kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́. Yashica-Mat kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sójú. Ìgbáyà ló ń wà. Ẹni tó ń lò ó á tẹrí ba wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀, ohun tó fẹ́ yà á sì hàn níbẹ̀ ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí mi ń dàrú. Nígbà tó yá ni mo rí àǹfààní rẹ̀: igi tí mo mọ̀ dunjú kì í jọ igi tí mo mọ̀ mọ́, ìrísí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Ìṣòro kan tún wà tí ẹni tó ń ya fọ́tò aláwọ̀ kì í bá pàdé. Ilẹ̀ wa pupa, ewé wa tutù yọ̀yọ̀. Lójú, méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá. Lórí fíìmù dúdú àti funfun, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n sábà máa ń dà, ọ̀nà tó gba inú igbó kọjá á sì sọ nù sínú ewé. Gíláàsì aláwọ̀ tí à ń dé mọ́ ojú lẹ́ǹsì ló ń yanjú rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ewé á mú kí ewé mọ́ sí i, kí ilẹ̀ ṣú. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn á mú kí ilẹ̀ mọ́, kí ewé ṣú. Ọ̀gá ní láti yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ló fẹ́ kí ojú tẹ̀ lé, ọsàn ni. Bó bá jẹ́ igi, ewé ni. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo òkè Ìdànrè, kì í fi gíláàsì kankan sí i. Ó fẹ́ kí òkè iwájú dúdú, kí tẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, kí tẹ̀yìn ìyẹn tún fúyẹ́ sí i, títí òkè yóò fi di ọ̀run tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Orí mítà ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀gá kì í wọn ìmọ́lẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Á rìn dé ibi tó dúdú jù lọ tó ṣì fẹ́ kí nǹkan hàn níbẹ̀, bóyá ihò abẹ́ gbòǹgbò, á na mítà sí i, á ṣọ́ra kí òjìji ara rẹ̀ má bọ́ síbẹ̀. Mítà kò mọ̀ pé gbòǹgbò dúdú ni wọ́n na òun sí. Àwọ̀ eérú ló ka gbogbo nǹkan sí. Bí a bá gbà á gbọ́, gbòǹgbò á di eérú lóòótọ́, omi á sì funfun kọjá ààlà. Nítorí náà, bí mítà bá ní kí a ṣí lẹ́ǹsì fún ìdá kan nínú 8 ìṣẹ́jú-àáyá, ìdá kan nínú 30 ni ọ̀gá á fún un, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí mítà béèrè. Gbòǹgbò á padà dúdú, ṣùgbọ́n dúdú tí èèpo rẹ̀ hàn ni. Ó máa ń sọ pé ohun tí kò bá wọ fíìmù kò ní wọ pépà láéláé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀, a lè bá a ṣe é nínú yàrá òkùnkùn. Ibi tó bá ṣófo lójú nẹ́gẹ́tíìfù, òfo ni.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nínú ilé ìkàwé kan ní Ìbàdàn, mo ka ìwé Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tó gbé ayé láti 1902 sí 1984, tó sì lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí òkè àti àfonífojì Yosemite. Òun àti Fred Archer ni wọ́n ṣètò ìlànà tó pín dúdú dé funfun sí ìpele 11, láti òdo dé mẹ́wàá, ní nǹkan bí ọdún 1940. Ìpele 5 ni àwọ̀ eérú tí mítà gbà gbọ́. Ìpele 3 ni ibi dúdú tí nǹkan ṣì hàn nínú rẹ̀. Láti 5 wálẹ̀ sí 3, ìṣísẹ̀ méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì: ohun tí ọ̀gá ń ṣe létí odò Ọ̀ṣun gẹ́lẹ́, láìgbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí. Ara mi yá gágá lọ́jọ́ yẹn.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí Adams ní tí àwa kò ní. Fíìmù ńláńlá tí wọ́n ń fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń lò, ó sì lè fọ èyí tí oòrùn rẹ̀ le fún ìgbà kúkúrú, kí ó jẹ́ kí òmíràn pẹ́ nínú oògùn. Tiwa, fọ́tò 12 ló wà lórí rólù kan, inú táńkì kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ọgbọ́n tí ọ̀gá dá ni pé ó ya rólù oòrùn sọ́tọ̀, ó ya rólù ìkùukùu sọ́tọ̀, ó ń kọ O sára ọ̀kan, ó ń kọ Ì sára èkejì. Bí oòrùn bá yọ lójijì nígbà tí rólù ìkùukùu wà nínú kámẹ́rà, a ó jókòó sórí gbòǹgbò, a ó máa jẹ ẹ̀pà títí oòrùn yóò fi wọlé padà.

Erin-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti mọ̀ pé ìlànà yìí ní ààlà. Omi Olúmìrìn ń já bọ́ níbẹ̀ lórí àpáta ní ìpele méje. Omi funfun, àpáta tí omi rin dúdú kirikiri. Àárín funfun àti dúdú rẹ̀ jìn ju ohun tí pépà lè gbà lọ. Mo retí pé ọ̀gá á wọn gbogbo àpáta náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Apá kan ló wọ̀n, èyí tí ewé wínníwínní hù sí. Ó fi èyí tó wà lẹ́yìn omi gan-an sílẹ̀ fún òkùnkùn. Mo ní, ibẹ̀ yẹn ńkọ́, Ọ̀gá? Ó ní ojú ń fẹ́ ibi tí yóò ti sinmi. Bí gbogbo ibi bá ń sọ̀rọ̀ nínú fọ́tò, a ò ní gbọ́ ti ẹnì kankan. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Omi ń já bọ́ níwájú dúdú tí kò sí nǹkan kankan nínú rẹ̀, dúdú yẹn ló sì fún omi náà ní ìwúwo. Kì í ṣe dandan kí gbogbo òkùnkùn hàn. Ẹni tó ń ya fọ́tò ló gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò hàn àti èyí tí kò ní hàn, kó sì ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Bí a bá padà dé ṣọ́ọ̀bù, ooru ni ọ̀tá wa. 20°C ni ìwọ̀n tí wọ́n ń dá lábàá fún D-76 ti Kodak, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù. Omi ẹ̀rọ Òṣogbo lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń tó 28 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ibi tó mọ́ á ti le koko kí ọwọ́ rẹ tó kúrò lára táńkì. Èmi ni wọ́n ń rán sí ìyá tó ń ta omi tútù láti lọ ra omi dídì. A ó wé e sínú nylon kó má baà bu omi la oògùn, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́, a ó máa wo tẹmómítà. Kì í sì í ṣe oògùn àkọ́kọ́ nìkan. Háípò, oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró lójú fíìmù, àti omi ìṣanṣan gbọ́dọ̀ tutù dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Bí fíìmù bá ti inú tútù bọ́ sínú gbígbóná, awọ tó wà lójú rẹ̀ á hun jọ wínníwínní, kò sì sí àtúnṣe.

Àsìkò tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí pépà bá wọ inú abọ́ oògùn lábẹ́ iná pupa. Fún ìgbà díẹ̀, funfun ni. Lẹ́yìn náà ibi tó dúdú jù á kọ́kọ́ yọ: ihò, gbòǹgbò, abẹ́ ewé. Eérú á tẹ̀lé e. Omi àti ọ̀run ló ń gbẹ̀yìn. Ọ̀gá á ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣáájú lábẹ́ ẹnláájà, ẹ̀rọ tó ń tan nẹ́gẹ́tíìfù sórí pépà. Á mú páálí kékeré tó so mọ́ wáyà, á fi dí ìmọ́lẹ̀ lójú gbòǹgbò kó má baà ṣú jù, á sì máa mì ín kí etí páálí má hàn lójú fọ́tò. Fún ọ̀run, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á fi ihò sílẹ̀ láàárín wọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè tún dé ibẹ̀ nìkan. Èmi á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá sókè. Kò sí fọ́tò méjì tó jáde bákan náà.

Mi ò ní sọ pé ìgbà yẹn sàn ju ìsinsìnyí lọ, torí mo rí ohun tó ná wa. Ìka ọ̀gá ti pọ́n rúsúrúsú, awọ rẹ̀ ń bó. Metol tó wà nínú D-76 máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, a kò sì ní ìbọ̀wọ́. Háípò tó ti gba fàdákà lára fíìmù, gọ́tà ni à ń dà á sí. NEPA lè mú iná lọ nígbà tí pépà wà lábẹ́ ẹnláájà, pépà náà ti ṣòfò nìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni pé pépà tí à ń rí rà kì í ṣe èyí tí igbó ń fẹ́. Gírédì líle ló pọ̀ lọ́jà wa, èyí tó bá pásípọ́ọ̀tù mu. Ibi dúdú tí ọ̀gá fi ọgbọ́n mú wọ fíìmù, pépà á tún pa á dé. Mo rí ohun tí iṣẹ́ tó dára lè ṣe nígbà tí mo rí fọ́tò irun tí J. D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní 1954. Irun dúdú, òjìji dúdú láàárín dídì kan sí èkejì, síbẹ̀ ojú ń tẹ̀ lé fọ́nrán irun láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo rántí igbó ọ̀gá. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lórí pépà.

Fọ́tò aláwọ̀ ló lé wa kúrò. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ̀ ọ́ kíákíá ń dé ìlú kan tẹ̀lé òmíràn, oníbàárà fẹ́ rí àwọ̀ aṣọ ẹbí rẹ̀, ta ló lè dá a lẹ́bi? Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, pépà àti oògùn òkèèrè di ọ̀wọ́n. Ọ̀gá ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé yàrá òkùnkùn, yàrá náà sì di ibi tí Ìyá wa ń kó àga òde tó ń yá àwọn èèyàn sí. Nẹ́gẹ́tíìfù wọ inú agolo bisikíìtì, agolo wọ abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ọ̀gá di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé agolo náà fún mi.

Ọmọ àbúrò mi yìí kan náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ lé òkùnkùn kúrò nínú igbó, ló bá mi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù sórí pátákó tó ń tàn, ó fi kámẹ́rà yà á látòkè, ó yí dúdú rẹ̀ padà sí funfun. Nígbà tó kan ọ̀kan lára àwọn ti igbó Ọ̀ṣun, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Èyí tí a fi pépà líle tẹ̀ wà lára ògiri ilé mi. Bèbè odò inú rẹ̀ dúdú délẹ̀, mo sì ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọmọ náà fa ibi dúdú náà sókè díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Gbòǹgbò yọ. Ewéko yọ láàárín gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ìkòkò amọ̀ kan yọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ihò abẹ́ igi, ẹnu rẹ̀ kọ sí omi. Ó ti wà nínú nẹ́gẹ́tíìfù láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ọ̀gá ti rìn dé ihò yẹn, ó ti na mítà sí i, ó ti fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ sí i. Pépà ni kò jẹ́ ká rí i.

Ọmọ náà ń fa á sókè lọ. Ó fẹ́ kí ìkòkò náà mọ́ dáadáa. Mo ní kó dúró. Mo ní kó wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń fo omi dá nísinsìnyí, tó ń bọ́ sórí ìkòkò tààrà. Ìkòkò náà kọ́ ni fọ́tò. A fà á wálẹ̀ padà, ó ṣú jù. A gbé e sókè díẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí a fi rí ibi tí ẹni tó bá wo omi, tó tún wo igi, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ìkòkò pàdé fúnra rẹ̀. Ohun tí ìbá gba ọ̀gá ní alẹ́ kan gbáko pẹ̀lú odidi páálí pépà, a ṣe é kí ìrẹsì tó wà lórí iná tó jinná. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń jiyàn nígbà yẹn náà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, mi ò bá ẹ̀rọ tuntun jà. Ẹ̀rọ tuntun ló gbé ìkòkò ọ̀gá jáde. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ẹ̀rọ dá ìpinnu ṣe, kó ka gbogbo òkùnkùn sí àbùkù tó yẹ kí òun tún ṣe. Fóònù tó sọ abẹ́ igbó di ọ̀sán gangan ti gba iṣẹ́ mọ́ onífọ́tò lọ́wọ́, èyí tó sì gbà ni ojúlówó rẹ̀. Kò sì le láti gbà á padà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí o bá fi ìka kan ojú rẹ̀ níbi tí o fẹ́ yà, àmì oòrùn kékeré kan á yọ. Fà á wálẹ̀ títí igbó yóò fi jọ èyí tí o dúró nínú rẹ̀. Kí o tó ṣe ìyẹn, ka ibi dúdú, kí o sì béèrè èwo ló ń fara kan èwo. Ọmọ àbúrò mi ti ń ṣe é báyìí. Fọ́tò tó yà ní òkè Ìdànrè lọ́yẹ́ tó kọjá, ọ̀gá ìbá fi ránṣẹ́ sí onílé kàlẹ́ńdà.

Igbó Ọ̀ṣun ṣì wà nítorí pé àwọn kan dúró tì í. Àwọn olùbọ Ọ̀ṣun ni, àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un kó tó papò dà ní 2009. UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2005. Àwọn igbó mìíràn tí ọ̀gá yà lẹ́yìn ìlú kò rí irú olùgbèjà bẹ́ẹ̀. Ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, ilé epo ló wà níbòmíràn. Inú agolo bisikíìtì ni ìyókù wọn wà. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ onífọ́tò Pierre Verger, tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, ń tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ tó ju 60,000 lọ, tí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa wa lè lọ wò. Fíìmù tí àwọn onífọ́tò ìlú wa fi ọwọ́ ara wọn yà pọ̀ jù láti jẹ́ kó jẹrà.

Bí bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ọ̀gá rẹ bá jẹ́ onífọ́tò nígbà náà, wá agolo náà kí ẹni tó ń tún ilé ṣe tó kó o dà nù. Má ṣe sun ún, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti dúdú. Yọ fíìmù kúrò nínú nylon, fi ìwé pẹlẹbẹ mímọ́ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, gbé e síbi gbígbẹ tí ooru kò pọ̀. Èyí tó bá ti ń rùn bíi fínígà ti ń bàjẹ́ lọ: yà á sọ́tọ̀, kí o sì tètè wá ẹni tí yóò bá ọ kó o sínú kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ yìí.